Ọmọ Ibi Tí Rélùwéè Kò Dé

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Orù àti Àwà, àti ẹ̀yin tí ẹ wà létí omi lọ́hùn-ún, ní Àbígí, Ìwòpin, Ibiade àti Ẹfirẹ̀, ẹ tẹ́tí gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, èwo ni ti rélùwéè nínú ọ̀rọ̀ tiwa, nígbà tí kò sí ìlú kan lágbègbè wa níbí tí ojú irin gbà kọjá? Òótọ́ ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó lèmi náà. Ibi tí rélùwéè kò dé ni wọ́n bí mi sí, síbẹ̀ ìfẹ́ rẹ̀ bá mi.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tí bàbá mi mú mi dání lọ sí Ìbàdàn. Pákó ni bàbá mi ń tà. A gba Orù, a gba Mámù, a gba Ìdí-Ayùnrẹ́, a já pákó sílẹ̀ lọ́jà, owó sì wọlé. Inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Wá, mo fẹ́ fi nǹkan kan hàn ọ́." Ni a bá forí lé Dùgbẹ̀, níbi tí sítéṣọ̀n rélùwéè wà. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà. Kí etí mi tó gbọ́ ohunkóhun, ilẹ̀ ti ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ìyá ẹlẹ́pà gbé ọwọ́ lé agolo tó fi ń wọn ẹ̀pà kó má baà ṣubú, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò, bí ẹni tó ti ń ṣe é lójoojúmọ́. Ìgbà náà ni orí ọkọ̀ yọ, iná iwájú rẹ̀ ń tàn yòò lọ́sàn-án gangan. Mo di etí aṣọ bàbá mi mú. Mo ń ka wágọ̀nù bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ìgbà tí mo dé mẹ́tàlélógún ni kíkà dàrú mọ́ mi lójú.

Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ta ló ń yí ọkọ̀ yìí?" Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń yí i. Dẹ́rẹ́bà kàn ń sọ fún un pé kó sáré tàbí kó dúró ni. Irin ló ń darí rẹ̀. N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ọkọ̀ tó gùn tó àdúgbò kan, tí kò ní ohun tí wọ́n fi ń tọ́ ọ, tó sì ń lọ sí Kánò!

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ìdáhùn ìbéèrè mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbọ́ wa. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin kò rí bí táyà mọ́tò. Apá inú rẹ̀ tóbi ju apá òde lọ díẹ̀, ó ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ìta. Ẹ mú ife oníke méjì, ẹ fi ẹnu wọn kanra, ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ẹ wá yí wọn lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ lọ́gbọọgba. Bí ẹ bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á tún padà sáàárín fúnra wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ọkọ̀. Bí ojú irin bá yà sí òsì, ọkọ̀ á sún díẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á wá máa fi ibi tó tóbi yí lórí irin, ẹsẹ̀ òsì á máa fi ibi tó kéré yí. Èyí tó tóbi á rìn jìnnà ju ìkejì rẹ̀ lọ, ọkọ̀ á sì yà. Irin tó yọ ètè síta ní apá inú ẹsẹ̀ náà, ààbò lásán ni, fún ọjọ́ tí nǹkan bá fẹ́ yẹ̀.

Káàkiri ayé ni a ti ń rí àwọn tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wọ̀ lára láti kékeré, tí kò sì kúrò lára wọn títí wọ́n fi hu ewú. Ọ̀pọ̀ wọn kò ṣiṣẹ́ rélùwéè rí. Tísà ni wọ́n, nọ́ọ̀sì, àlùfáà, oníṣòwò. Wọ́n á jí ní ìdájí, wọ́n á lọ dúró sórí afárá pẹ̀lú kámẹ́rà, wọ́n á máa kọ nọ́ńbà orí ọkọ̀ sínú ìwé kékeré. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n lè ní wọn kò ríṣẹ́ ṣe ni. Àwa ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ti ẹnu wa jáde. Ẹ rántí agbégilódò. Ní àkókò tí iṣẹ́ gẹdú gbóná, ọmọdé á wà lórí ẹní ní Òkè-Sopin tàbí Ojówò, á gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè láti inú igbó, á sì ti mọ̀ bóyá Bẹ́dífọ́ọ̀dù ni, á mọ̀ bóyá igi wà lórí rẹ̀ tàbí òfìfo ló ń padà bọ̀. A mọ orúkọ dẹ́rẹ́bà, a mọ ohun tí wọ́n kọ síwájú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ará etí omi mọ̀ ọ́n jù wá lọ: kí ọkọ̀ tó yọ létí ọ̀sà, ẹ ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tó ni í. Ohun tó ń ṣe olólùfẹ́ rélùwéè kò yàtọ̀ sí èyí.

Mo ti ka púpọ̀ nínú ohun tí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí kọ, mo ti bá àwọn kan nínú wọn jókòó. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ojú irin wo ni wọ́n fẹ́ràn jù, ẹ̀yin tí ẹ rò pé wọ́n á dárúkọ èyí tó yára jù ní Japan tàbí Ṣáínà, ẹnu á yà yín. Àwọn kan ń dárúkọ ìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn jù ni ojú irin tí wàhálà ẹni tó là á ṣì hàn lára rẹ̀: ibi tó ti yí òkè po nítorí kò lágbára láti gún un, ibi tí wọ́n ti fi ọwọ́ to òkúta, ibi tí ọkọ̀ ti ń mí gúlegúle kó tó gun ibi gíga. Wọ́n fẹ́ràn ibi tí wọ́n ti lè rí iṣẹ́ ènìyàn.

Ẹ wo Darjeeling ní ilẹ̀ Íńdíà. Láàárín 1879 sí 1881 ni wọ́n là á. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Ọmọdé lè fò ó. Kìlómítà 88 ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló ti ń gùn lọ sórí òkè Himalaya, sí sítéṣọ̀n Ghum tó ga ní mítà 2,258. Báwo ni ọkọ̀ kékeré ṣe ń gun irú òkè bẹ́ẹ̀? Ní ibòmíràn ojú irin á yí bíríkítí, á sì gba orí ara rẹ̀ kọjá. Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní àyè láti yí. Ọkọ̀ á lọ síwájú, á dúró, á fẹ̀yìn rìn gun apá kejì, á dúró, á tún máa lọ síwájú, bí ẹni tó ń gun òkè Olúmọ tó ń wá ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Bí irin bá ń yọ̀ nítorí òjò, ènìyàn méjì á jókòó síwájú orí ọkọ̀ gan-an, wọ́n á máa da yanrìn sórí irin níwọ̀nba níwọ̀nba. Ọkọ̀ ń gba àárín ọjà kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ara nu ìsọ̀ àwọn tó ń tajà. Àjọ UNESCO fi í sínú àkójọ ohun àjogúnbá ayé ní 1999. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò tètè dé ibì kankan, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì ń ti òkèèrè wọ bààlúù wá tìtorí kí wọ́n má baà tètè dé.

Èyí tó jọ mí lójú jù ni ti Talyllyn ní ilẹ̀ Wales. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ní 1865 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé láti orí òkè wá sí etí òkun. Nígbà tó yá, òkúta kò tà mọ́, koríko bo irin, ẹni tó ni ín sì kú ní 1950. Gbogbo ènìyàn ló rò pé ó parí nìyẹn, wọ́n á hú irin náà tà fún oníjákujàku. Ọ̀gbẹ́ni òǹkọ̀wé kan, Tom Rolt, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pe ìpàdé nílùú Birmingham, wọ́n ní àwọn á máa wa ọkọ̀ náà fúnra àwọn, láìgba kọ́bọ̀. Ní oṣù karùn-ún 1951 ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Òun ni ojú irin àkọ́kọ́ lágbàáyé tí àwọn olólùfẹ́ gbà lọ́wọ́ ikú tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú. Títí dòní, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ro koríko ẹ̀bá irin, tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, tó ń da èédú sí iná, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Àlùfáà W. Awdry, ẹni tó kọ ìtàn Thomas tí àwọn ọmọ wa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, wà lára àwọn tó fi ìsinmi wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Lórí irú ojú irin bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ọkọ̀ tó ń lọ àti ọkọ̀ tó ń bọ̀ lè forí sọra. Kí ni wọ́n ṣe sí i? Ọ̀pá àṣẹ ni. Apá ojú irin kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá tirẹ̀, wọ́n kọ orúkọ sí i lára. Dẹ́rẹ́bà tí ọ̀pá náà kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ apá náà, bí ó ti wù kí ó rí. Bó bá dé ìparí, á na ọ̀pá sí òṣìṣẹ́ tó dúró nílẹ̀, ìyẹn á sì na ọ̀pá ti apá tó kàn sí i. Mo ti rí fọ́tò ọwọ́ méjì tó fẹ́ pàdé báyìí, ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ilẹ̀, ọ̀pá láàárín wọn. Ẹni tó ya fọ́tò náà kò ya ọkọ̀ rárá. Mo lóye ohun tó rí.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́lé. Ní Mauritania, ọkọ̀ ojú irin kan ń gba aginjù kọjá láti Zouérat lọ sí Nouadhibou, kìlómítà 704, láti 1963. Kùsà irin ló ń kó, ó sì lè gùn ju kìlómítà méjì lọ. Àwọn olólùfẹ́ ti wá láti ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ti jókòó sórí kùsà nínú ìyẹ̀pẹ̀ àti òtútù òru, pẹ̀lú àwọn ará ibẹ̀ tó ń lọ sílé. Ní Tógò, àwọn ará Jámánì la ojú irin mẹ́ta láti Lomé, wọ́n sì fi ẹrù tó ń kó sọ wọ́n lórúkọ: ojú irin àgbọn lọ sí Aného ní 1905, ojú irin kòkó lọ sí Kpalimé ní 1907, àti ojú irin òwú tó forí lé Atakpamé, níbi tí àwọn ọmọ Ifẹ̀ tí èdè wọn bá tiwa tan ń gbé. Àgbọn, kòkó, òwú. N kò tíì rí orúkọ ojú irin tó dùn mọ́ mi tó mẹ́ta yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ń sọ ohun tí wọ́n wá kó lọ fún wa. Ti Dakar sí Bamako ńkọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹwàá 1947 títí wọ inú 1948, Ousmane Sembène sì fi ọ̀rọ̀ wọn kọ ìwé ìtàn kan tó jáde ní 1960. Ọ̀pọ̀ ló kọ́kọ́ ti ojú ìwé náà nífẹ̀ẹ́ ojú irin ọ̀hún kí wọ́n tó fojú rí i.

Nílé wa ńkọ́? Ní 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní 1901, bíi kìlómítà 193. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan ti Kánò. Àlàfo àárín irin rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀, mílímítà 1,067. Àlàfo yìí ló bí ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀. Irin tí àlàfo rẹ̀ kéré lè ṣẹ́ kọ́nà tó mú. Nítorí náà, àwọn tó là á kò gé òkè tí wọ́n lè yí, wọn kò sì kun àfonífojì tí wọ́n lè yẹ̀ sílẹ̀, kí owó má baà pọ̀. Ojú irin wá ń lọ́ bí ejò. Bí ẹ bá jókòó sí kọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn létí fèrèsé, ẹ lè rí orí ọkọ̀ yín níwájú tó ti yà, bí ẹni pé ọkọ̀ mìíràn ni. Ọmọdé inú ọkọ̀ á máa juwọ́ sí ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Àwọn àgbà ń pè é ní fàkà-fíkì, etí wọn kò sì purọ́. Irin máa ń gùn sí i bí oòrùn bá pa á. Tí wọn kò bá fi àyè sílẹ̀ láàárín irin kan àti èkejì, á tẹ̀ kọrọdọ. Àyè yẹn ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń bá pàdé tó ń dún gbà-gbà, gbà-gbà. Àwọn olólùfẹ́ ti sọ ọ́ di ìṣirò. Bí irin kọ̀ọ̀kan bá gùn ní mítà 12, ẹ wo aago, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ kan náà lábẹ́ yín bá kọlu àyè láàárín ìṣẹ́jú àáyá 43. Iye tí ẹ bá kà ni kìlómítà tí ọkọ̀ yín ń rìn ní wákàtí kan. Mo ti dán an wò. Ẹni tó jókòó tì mí rò pé àdúrà ni mò ń gbà.

Ojú irin yẹn ló gbé obì láti Agége lọ sókè Ọya, tó gbé màlúù wá. Àwọn obìnrin Ọ̀fà ń gbé ọ̀dùnkún dé ojú fèrèsé kọ́ọ̀ṣì. Ní Lókò, ìyẹn ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń tún orí ọkọ̀ ṣe ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, àìmọye ọ̀dọ́mọkùnrin ló kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, iṣẹ́ jíjó irin pọ̀, iṣẹ́ gbígbẹ́ irin. Láàárín òṣìṣẹ́ rélùwéè bẹ́ẹ̀ ni Michael Imoudu ti dìde, ẹni tó wà níwájú ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti 1945.

Ohun kan wà tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, wọ́n ṣe irú orí ọkọ̀ eléèédú kan fún Nàìjíríà, wọ́n ń pè é ní River, wọ́n sì fi orúkọ àwọn odò wa sọ wọ́n. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí rélùwéè Ìlà Oòrùn Áfíríkà fi ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn náà, pé kí wọ́n kàn yí i sí èyí tó ń jó epo. Wọ́n fi orúkọ àwọn ẹ̀yà ibẹ̀ sọ wọ́n. Bí ẹ bá dé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti rélùwéè ní Nairobi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971, ẹ ó rí ọmọ ìyá ọkọ̀ tiwa tí wọ́n kùn, tí wọ́n fi òróró pa lára, tí àwọn ọmọ iléèwé ń gun orí rẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé Kenya ni wọ́n ti ń tọ́jú àbúrò River tiwa bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò bìkítà nílé. Ilé Jaekel wà ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, inú ọgbà rélùwéè, láti 1898. Ó ti di ahoro tán kí ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, tó gbé e dìde, pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n ayàwòrán-ilé John Godwin. Wọ́n parí rẹ̀ ní nǹkan bí 2010, ó sì ti di ilé tí àwòrán àti ohun èlò rélùwéè wà. Francis Jaekel tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé náà jẹ́ ọ̀gá nínú rélùwéè wa nígbà kan. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó jókòó kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà, ìdìpọ̀ mẹ́ta gbáko, tó jáde ní 1997. Ẹ rò ó wò: ìdìpọ̀ mẹ́ta. Ìfẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá gbé ọmọ lọ sí Èkó fún ìsinmi, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ sí etí òkun, ẹ mú wọn dé ibẹ̀.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ojú irin tí kò sí mọ́ ni wọ́n fẹ́ràn. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Ìddó gba orí afárá Carter wọ àárín ìsàlẹ̀ Èkó. Kò ku irin rẹ̀ kan tí ẹ lè tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń fi máàpù àtijọ́ àti fọ́tò wá ọ̀nà rẹ̀ láàárín àwọn ilé òní, wọ́n á dúró sí ìkóríta kan, wọ́n á ní, "Ibí ló ti yà."

Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Kìlómítà 157 ni, àlàfo irin rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,435, ó gbòòrò ju ti àtijọ́, ó sì tọ́ jù ú lọ. Mo ti wọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó mọ́, ó tutù, ó ń lọ bí omi. Sítéṣọ̀n Abẹ́òkúta ní Láderìn ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ti Mọ́níyà n'Ìbàdàn ń jẹ́ ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti Pápáláńtò ń jẹ́ ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Mo dúpẹ́ pé ó wà. Ọmọ tó ń gun un lónìí á dàgbà, á sì fẹ́ràn rẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ràn ti àtijọ́, nítorí òun ló bá nílẹ̀. Bí ẹ bá bi èmi, ti Dùgbẹ̀ ni tèmi, èyí tó lọ́ bí ejò.

Ẹ má rò pé ojú irin kò kan Ìjẹ̀bú nítorí kò gba ibí. Láyé ìgbà kan, ẹrù ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti púpọ̀ nínú ti Ìbàdàn ń gba ọjà Ẹ̀jìnrìn dé ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé e lọ sí Èkó. Nígbà tí irin dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù Ìbàdàn rí ọ̀nà mìíràn gbà. Àwọn bàbá wa wá di onímọ́tò paraku; agbégilódò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣeé ṣe kí a má ní i tó bẹ́ẹ̀ ká ní rélùwéè ti wà. Ní 2014 ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lu ìwé àdéhùn ojú irin Èkó sí Calabar, Ìjẹ̀bú-Òde sì wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ní yóò gbà kọjá. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, orí ìwé ló wà.

Nígbà ìsinmi kan, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lọ sí Mọ́níyà, mẹ́rin láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀kan láti Àgọ́-Ìwòyè, àti ọmọkùnrin kan láti ẹ̀gbẹ́ Àbígí, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi. Kò sí èyí tó ti rí rélùwéè rí nínú wọn. A tètè dé, ọkọ̀ ti dúró, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àwọn márùn-ún sáré lọ ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ọmọ Àbígí kò lọ. Ó dúró síbi tó jìnnà díẹ̀, ó di ojú rẹ̀, ó dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àwọn ará ilé rẹ̀ ti máa ń ṣe létí omi tí wọ́n bá ń retí ọkọ̀ lálẹ́. Mo súnmọ́ ọn, mo bi í pé kí ló ń gbọ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí kì í ké bíi tiwa. Ó ń mí."